Láti Ibùdó Rélùwéè dé Ilé Àlejò ní Kuje

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ìjọba ti ṣí ojú irin tuntun tó so Ìbàdàn mọ́ Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í gba ọ̀nà márosẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìpàdé ńlá l'Ékòó. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà. Ìyá tó bá wọ̀ ọ́ ní Mọníyà, tàbí ní Laderin l'Abẹ́òkúta, lè gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, kí ó jẹun, kí ó sì sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́ta ni ọkọ̀ yóò já a sí, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè, ẹni tó jẹ́ gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ó bá jẹ́ pé Festac, Agboju tàbí Kuje ni yóò sùn, ìrìn àjò ṣì kù. Níbi èyí tó kù yìí gan-an ni ẹrù ti ń sọnù, tí owó ń lọ, tí ẹ̀mí pàápàá sì lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti àkókò. Ẹni tí kò mọ Èkó, kí ó wọ ọkọ̀ àárọ̀. Bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá fi máa gúnlẹ̀, ilẹ̀ á ti máa ṣú, òru sì ni àwọn tí à ń pè ní “one chance” fẹ́ràn. Ẹ mọ ìwà wọn: gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà ló jẹ́ olè, wọ́n á wá fi àyè ìjókòó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ mú. Ọkọ̀ tó bá dá dúró níbi tí kò sí èrò, tí ó sì ń kánjú pe ìwọ nìkan, jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tí ẹ bá jáde ní ibùdó, olúkúlùkù onítakisí yóò fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà tán. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti pe ọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó wọlé. Ọ̀kadà ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é pátápátá ní Mainland àti ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn, nítorí náà ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọ̀kadà gbé yín níbẹ̀, wàhálà ló fẹ́ kó yín sí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ háyà ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn lè wọ bọ́ọ̀sì dé Costain, kí ó wá wọ dánfó tó ń gba Òrílé lọ sí Mile 2. Kí ó la etí rẹ̀ o! Mile 12 yàtọ̀ sí Mile 2. Ìhà Kétu ni Mile 12 wà, òdìkejì ìlú pátápátá, ẹni tó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀ á kàn bá ara rẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni.

Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹ wọ takisí dé ibùdó National Theatre ní Ìgánmú, kò jìnnà, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Láti Marina ló ti ń bọ̀, Mile 2 ló sì ń dúró sí, kìlómítà 13 ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èrò, káàdì Cowry ni ẹ ó rà tí ẹ ó sì kó owó sí. Gò-sìló kò kàn án. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú ṣinṣin, nítorí iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ náà, iná yìí sì wà nínú irin tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀.

Inú mi máa ń dùn sí ọ̀nà yìí fún ìdí mìíràn. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé péjọ fún FESTAC láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, National Theatre wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré, Festac sì ni ilé tí ìjọba kọ́ kí wọ́n lè rí ibi sùn. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán ni wọ́n ṣẹ́ ìbò pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà. Ilé àlejò ni ìlú náà látilẹ̀wá! Ní ọdún 2024 wọ́n fi orúkọ Wole Soyinka pe Theatre náà, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ṣì ni èrò ń pè.

Ní Mile 2, orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ gbà, torí àwọn tírélà tó ń lọ sí Àpápá kì í ro ti ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì, First Gate ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà Second Gate, kí ẹ tó dé Agboju. Ẹ má sọ fún awakọ̀ pé “Amúwo-Ọ̀dọ̀fin” ni ẹ ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ odidi ni, Kirikiri àti Satellite Town wà nínú rẹ̀. Nínú Festac, Avenue ni títì ńlá, Road yà lára rẹ̀, Close sì yà lára Road. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ Road sábà máa ń sọ Avenue tó wà: 22 Road wà ní ìhà 2nd Avenue, 402 Road ní ìhà 4th Avenue. Ẹni tó bá ní “C Close” nìkan kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí Road kan lè ní C Close, kí èkejì náà ní tirẹ̀.

Kuje kò rí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tí kò ní ètò nọ́ńbà bíi ti Festac ni, ní ìhà Agboju, ilé ìjọsìn, ilé ìwé tàbí ilé epo ni wọ́n fi ń júwe ilé níbẹ̀. Ẹ pe onílé àlejò láti ilé, kí ó sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí bátìrì fóònù lè kú. Bí ẹ bá sì ń wá a lórí fóònù, ẹ fi “Amúwo” kún un, torí Kuje mìíràn wà ní Àbújá. Ẹ tún bi í léèrè agogo tí àwọn ọdẹ ń ti géètì àdúgbò lálẹ́, kí ó sì fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.