Bí mo ṣe fi ìlù ṣépè fún oníbàárà mi n'Ìwó

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ̀ pé fídíò ìpolówó ni mo fi ń jẹun látìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Orin abẹ́ fídíò, èmi náà ni mo ń ṣe é, torí tó o bá lo orin olórin, wọ́n á pa ohùn fídíò ẹ.

Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Odo-Ori fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ nǹkan tó máa dún bí Ìwó. Mo rántí ìlù kan tó wà lórí fóònù mi, tí mo gbà sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó: bàbá àyàn kan gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, gúdúgúdú ń dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dùn wọ eegun.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: èèyàn á gé ohùn díẹ̀ jáde nínú èyí tó gùn, ìyẹn ni sample. Á wá so ìparí ẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó lè máa yí po, ìyẹn ni loop. Mo ju ìlù náà sínú FL Studio, mo gé bar méjì. Mo rí i pé ibi tí ìgbì ohùn ti kan òdo ni mo ti gé e, kó má baà máa ta "tọ́" nígbàkigbà tó bá yí padà. Mo tún fa ìparí ẹ̀ wọnú ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ojú àpá má hàn. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ò lè mọ ibi tí mo ti rán an.

Ojú ni mo fi gé e o. Mi ò fi etí gé e.

A gbé fídíò jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Láàárọ̀ Sátidé màmá pè mí. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. "Ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Bàbá tó bí wọn, àgbàlagbà, ló gbọ́ ọ. Ìlù yẹn ń sọ pé: kí o má là, kí o má là, kí o má là. Fún odidi ìṣẹ́jú kan. Lórí ìpolówó ṣọ́ọ̀bù tuntun!

Mo sáré padà sídìí ohùn tí mo gbà níbi ìgbéyàwó, màmá mi jókòó tì mí, wọ́n ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ohun tí bàbá àyàn sọ ni pé: "Ẹni tó ní kí o má là, ojú ẹ̀ ni wàá ṣe là." "Ẹni tó ní" bọ́ sí ìparí bar tó ṣáájú, "ojú ẹ̀ ni wàá ṣe là" sì bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àárín ni mo mú. Àdúrà ni wọ́n ṣe, mo gé orí ẹ̀, mo gé ẹsẹ̀ ẹ̀, ó di èpè.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n mọ ọwọ́ tó lù ú. Àwọn kan ti ránṣẹ́ sí bàbá àyàn pé ta ló fún wọn lówó kí wọ́n fi ìlù ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Àyàn ọmọ àyàn o, ohun tí ìlù bá sọ ni orúkọ wọn. Mi ò sì san kọ́bọ̀ fún wọn, mi ò tiẹ̀ tọrọ àyè.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi dání, a lọ sílé wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n tan nǹkan náà káwọn gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n wá ní: "Gúdúgúdú ló ń sọ ohun kan ṣoṣo látàárọ̀ dalẹ́. Òun ni kó o máa yí. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Gbogbo fídíò tí mo ti wò lórí YouTube nípa loop, kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

A tún gbogbo ẹ̀ gbà, ìlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Gúdúgúdú ni mo ń yí, kẹríkẹrì lé e lórí, ìyáàlù wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, ó jáde. Mo gbé ohùn ìyáàlù sókè díẹ̀ kó lè bá duru mu, mo bi bàbá pé ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Òkè àti ìsàlẹ̀ jọ gbéra ni, àlàfo tó wà láàárín wọn ò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi autotune sí i, ó kúrò ní Yorùbá pátápátá. Bàbá ní ó ń dún bí ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo sì pa quantise, torí mẹ́ta-mẹ́ta ni ìlù yẹn ń ka ẹsẹ̀ ẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà mi fẹ́ fi tipátipá tò ó.

Ti owó ńkọ́? Lọ́dún 1964, Serge Gainsbourg ní ilẹ̀ Faransé kó orin mẹ́ta látinú Drums of Passion tí Babatunde Olatunji ṣe, ó tún wọn kọ sínú àwo tirẹ̀, kò sì kọ orúkọ ọmọ Yorùbá náà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sí i. Bí mo bá kà á tẹ́lẹ̀, màá ti bú Gainsbourg dáadáa. Burna Boy ní tiẹ̀ sọ fúnra ẹ̀ pé ìdá 60 nínú 100 owó Last Last ni Toni Braxton ń gbà torí sample tó wà nínú ẹ̀. Mo pín owó iṣẹ́ náà sí méjì dọ́gba pẹ̀lú bàbá àyàn, orúkọ wọn sì wà lábẹ́ fídíò tuntun.

Bàbá màmá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó gbé e jáde. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá ní kí n fi í sórí fóònù àwọn. Màmá gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fún mi níṣẹ́ mìíràn, mi ò sì lè bi wọ́n.

Mo ti pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́, àmọ́ àwọn kan ti gbà á sórí WhatsApp. Aṣọ àǹkárá aláwọ̀ búlúù ló wà níwájú ẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.