Ìjàpá, Ikán àti Ọ̀rọ̀ Àṣẹ

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohun tí a bá sọ ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe. Kò mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n.

Seymour Papert, tí a bí ní Gúúsù Áfíríkà ní 1928, wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá èdè Logo ní 1967. Wọ́n so ó mọ́ róbọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n pè ní ìjàpá. Ìjàpá tiwa kún fún àrékérekè; èyí kò mọ̀ ju àṣẹ lọ. Ní Dakar, láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n fi Logo kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ sínú èdè Wolof.

Mitchel Resnick, tó ṣe StarLogo, sọ ìjàpá kan di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àpẹẹrẹ tí mo yàn láàyò níbẹ̀ ni ti ikán: máa rìn káàkiri, bí o bá kan ẹ̀rún igi, gbé e, bí o bá tún kan òmíràn, sọ èyí tí o gbé kalẹ̀. Kò sí olórí, síbẹ̀ òkìtì ń hù. Ní 1959 ni Pierre-Paul Grassé ti ṣàlàyé irú rẹ̀ nípa ikán gidi tó ń mọ ọ̀gán: iṣẹ́ tí ọ̀kan ṣe sílẹ̀ ni ó ń pe èyí tó kàn sí iṣẹ́.

Ní Abidjan, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ará Èjìgbò tí a bí sí Treichville, kọ òfin náà ní Yorùbá kí wọ́n tó kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. A fi ẹnìkan ṣe ikán, kìkì ohun tí a bá kà ni ó ń ṣe. Ọ̀kan kọ “rìn”. Ikán gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Èkejì kọ “máa rìn”. Kò dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, marche, ni Faransé fi jẹ́ méjèèjì. “Máa” tiwa ti ní àṣetúnṣe nínú. Ẹlòmíràn kọ “gbe igi” láìfi àmì sí i. Ikán béèrè pé, “Ṣé kí n gbé e ni, tàbí kí n gbẹ́ ẹ?” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe àmì ní wàhálà olùkọ́.

Nígbà tí a wá kan mọ́tò méjì mọ́ ọkọ̀ kékeré kan, táyà kan ń yára ju èkejì lọ, ọkọ̀ náà sì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ní láti fi kún àṣẹ: máa wo ìlà ilẹ̀, bí o bá kúrò lórí rẹ̀, padà.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń sọ Faransé ní ilé-ìwé, ó ń gbọ́ Jula ní ọjà, ó ń fi Yorùbá kí ìyá àgbà. Bí ó bá gbà pé Yorùbá kò tó fi ronú nípa ẹ̀rọ, ìkíni nìkan ni yóò kù lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn náà kò sì ní pẹ́ tán. N kò sọ pé kí a sọ gbogbo èdè kọ̀ǹpútà di Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ronú ní èdè ilé rẹ̀, kí ó tó kọ ọ́ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.