Èmi Ni Mo Fún Olè Ní Kọ́kọ́rọ́

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, mo dìde nínú ìjọ wa níbí ní Dublin 15, mo gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè, mo sì jẹ́rìí pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì já wọ inú fóònù mi, ṣùgbọ́n Olúwa ò jẹ́ kí wọ́n dé ìdí owó mi ní báǹkì. Gbogbo ìjọ pariwo "Alelúyà!" Irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó já wọ inú ohunkóhun. Èmi fúnra mi ni mo mú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí WhatsApp mi, tí mo fi lé olè lọ́wọ́.

Huntstown ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni ìyá alájọ fún obìnrin méjìlá tó wá láti Huntstown, Hartstown, Ongar àti Mulhuddart, Yorùbá ni gbogbo wa. Orí WhatsApp la ti ń ṣètò ẹni tó ti dá àti ẹni tó kàn láti kó. A ò tọwọ́ bọ̀wé kankan. Bí mo bá ti ní kí wọ́n san owó síbí, ibẹ̀ ni wọ́n máa san án sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Kérésìmesì 2022 ti sún mọ́lé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ń kùn mí. Ọ̀rọ̀ wọlé láti orí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ: wọ́n ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n bá wọn fi ránṣẹ́ padà kíákíá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ, wọn ò sì kí mi. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ láìkọ́kọ́ béèrè ọmọ, ọkọ àti iṣẹ́. Ó yẹ kí n fura níbẹ̀.

Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́. Ìkìlọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo kà á. Mo kà á, mo sì fi ránṣẹ́, torí mi ò fẹ́ kí àgbà bínú pé wọ́n rán mi níṣẹ́, mo ń jáfara. Olè ti gba WhatsApp ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ wọn ṣáájú tèmi.

Nọ́ńbà fóònù ni WhatsApp fi ń dá èèyàn mọ̀. Bí ẹnìkan bá tẹ nọ́ńbà mi sórí fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà á wá bá mi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èmi ni. Ẹni tí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló di èmi. Olè náà ò rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ mi, ṣùgbọ́n ó rí gúrúpù àjọ wa àti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ó wá fi PIN tirẹ̀ ti WhatsApp mi pa. Nígbà tí mo tún gba nọ́ńbà tuntun tí mo fi lé e jáde, mi ò mọ PIN yẹn, ni wọ́n bá ní kí n dúró fún ọjọ́ méje.

Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì, ọ̀kan lára àwọn alájọ wa, ti san yúrò 400 sínú àkáǹtì tí "èmi" ní kí wọ́n san án sí. Mo fi oṣù mẹ́rin san án padà láti inú owó oṣù mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá san díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún mi pé mo láàánú, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àdúrà yẹn dùn mí ju owó lọ.

Kí ló dé tí mo purọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ sẹ́yìn ni. Ní May 14, 2021, àwọn ọ̀daràn ti kọ̀ǹpútà HSE pa, ìyẹn àjọ ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè Ireland níbí, àwọn nọ́ọ̀sì sì padà sórí bébà àti bírò. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé láti March 18 ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnìkan ṣí fáìlì inú ímeèlì kan. Mo wà lára àwọn tó bú onítọ̀hún. Mo ní irú òmùgọ̀ wo nìyẹn. Ní December ọdún kan náà, HSE gbé àbọ̀ ìwádìí jáde fún gbogbo ayé: àwọn kọ̀ǹpútà tó ti gbó, àwọn ìkìlọ̀ tí wọn ò kọbi ara sí. Odindi àjọ ìjọba ṣí egbò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè kọ́gbọ́n. Èmi da aṣọ bo tèmi.

Irọ́ mi sì ṣiṣẹ́ láàárín wa. Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, wọ́n ń sọ pé Facebook ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wa, pé gbàgede kọ̀ǹpútà ńlá tí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, kọ́ sí Clonee, tí kò jìnnà sí wa, ló ń gbé gbogbo àṣírí wa mì, pé kò sóhun tá a lè ṣe. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí Ìyá Alájọ, wọn ò tẹ nǹkan kan, olè sì wọlé. Ó tọ́ ká máa ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá o. Ní May 2023, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú níbí ní Dublin bu owó ìtanràn yúrò bílíọ̀nù 1.2 lé Meta lórí nítorí ìsọfúnni àwọn ará Yúróòpù tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló kó owó Ìyá Ìbejì lọ.

Lọ́dún yẹn náà ni àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè, ọgbọ́n nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni wọ́n lò. Ó wá sílé mi, ó ń sunkún. "Àǹtí, ẹ ní wọ́n kàn já wọlé ni. Ká ní ẹ sọ pé wọ́n béèrè nọ́ńbà ni, mi ò ní fún wọn."

Mo sọ òótọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì, mo sọ fún àwọn alájọ, mo sì padà síwájú ìjọ. Obìnrin méjì yọ orúkọ wọn kúrò nínú àjọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí WhatsApp yín nísinsìnyí. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi PIN tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ síbẹ̀. Mo fi fídíò pe màmá mi n'Íbàdàn, a jọ ṣe tiwọn. Nínú àjọ wa báyìí, ẹnikẹ́ni kì í sanwó sí àkáǹtì tuntun láì tíì pe ẹni tó ni ín kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá sì béèrè nọ́ńbà mẹ́fà lọ́wọ́ yín lórúkọ mi, kì í ṣe èmi.