Sùúrùlérè: Oko Àná, Ìgboro Òní

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá mi ká lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbí ni mo ti wọkọ̀ dé Sùúrùlérè l'Ékòó. Ilé lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù lósì. Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní 1972 jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ta ló máa gbà pé igbó àti oko ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ní 1955, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó ilé tó há mọ́ra ní àárín erékùṣù Èkó. Àjọ L.E.D.B. kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, wọ́n ní káwọn èèyàn kó lọ síbẹ̀. Ilé dára o, àmọ́ ta ló máa rajà? Oníbàárà ṣẹ́kù sí erékùṣù, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, mọ̀lẹ́bí tú ká. Ìyá tó ń dá gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀ wá ń wojú ọkọ.

Lónìí, ọjà ti kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló san gbèsè ọjọ́un? Ẹ̀yin ará ilé, bí wọ́n bá ń gé oko wa ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè pé: ọjà dà? Sùúrù lérè lóòótọ́, àmọ́ sùúrù nìkan kì í bọ́ ọmọ.