Ṣé Wọ́n Ti Mú Un?

Ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ilé wa ni wọ́n bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Ṣé wọ́n ti mú un?" Ọmọ mi obìnrin ni wọ́n ń béèrè, tó ti ń wá yunifásítì láti ọdún tó kọjá. Mo ní wọn ò tíì mú un, Mà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é, wọ́n sì fi ẹ̀kọ kan ṣe ènì fún mi. Mo gbé ẹ̀kọ wọlé, mo jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà ni ò jẹ́ kí n ṣí ewé.

Mú. Olọ́pàá ní í mú olè. Ológbò ní í mú eku. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù a máa mú ewúrẹ́ tó bá ń jẹ̀ kiri títì, olówó rẹ̀ á sì lọ san owó ìtanràn. Kí ló wá dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà là ń lò fún ọmọ tó fi odindi ọdún kan kàwé mọ́jú? Ewúrẹ́ tí wọn ò mú, oríire ni. Ọmọ tí wọn ò mú, ẹkún ni.

Ibi tí mo ti ń ro "mú" ni "wọ́n" náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Àwọn wo gan-an ni "wọ́n"? Nílé níbí, JAMB là ń fẹnu pè, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n yunifásítì ló ń dá orúkọ lábàá, JAMB ló ń fọwọ́ sí i, ọmọ náà sì wà láàárín bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ìkóríta. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú. "Wọ́n" ti ibẹ̀ tún wọ́n ju ti ilé lọ. Nínú 100 ọmọ tó ń kọ̀wé sí Harvard láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí wọ́n ń mú kì í tó márùn-ún. Kì í sì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń wò: wọ́n á ka ohun tí olùkọ́ sọ nípa ọmọ, wọ́n á wo ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n á tún ka àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀.

Àròkọ yẹn ló tú àṣírí mi. Ọmọ mi kọ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ tí bàbá mi fi sílẹ̀, bó ṣe tú u palẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta kó tó mọ ìdí tó fi ń fo abẹ́rẹ́. Ó dùn ún kà. Àbúrò mi kà á, ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà ò sí níbẹ̀." Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà sí i. A yọ abẹ́rẹ́ kúrò, a fi àìsí iná mọ̀nàmọ́ná dípò. A ní ọmọ náà ń rìn lọ pọnmi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ wò mí, ó ní, "Mọ́mì, kànga wà nínú ọgbà wa." Mo ní kó dákẹ́, kó máa kọ ọ́ lọ.

Ẹni tó fẹ́ mú ẹja ló ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Mi ò tíì rí ẹja tó lọ wá ekòló fúnra rẹ̀, tó tún fi pa ẹnu kí apẹja lè rí i. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Lóru ọjọ́ tó ku ọ̀la tí fọ́ọ̀mù náà máa kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ pa gbogbo ìyà wa rẹ́, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé ìwé márùn-ún ló kọ̀wé sí. Márààrún ló dá a lóhùn, gbogbo wọn ló ní àwọn ọmọ tó dáńtọ́ pọ̀ ju àyè lọ. Àbúrò mi ní ṣé òun ò sọ. Èmi ò fèsì. Ẹ̀rọ náà ti gbé mi lọ síbi tí mi ò fẹ́ lọ.

Nígbà tèmi, pátákó ni. Wọ́n á tẹ orúkọ sórí ìwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó nínú ọgbà yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á wọ mọ́tò lọ wò ó. Ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́ kà. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n dìídì rán fún ìrìn náà, wọ́n tẹ̀lé mi. A ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. A tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi yọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà jáde nínú àpò agbádá, wọ́n yọ pẹ́ńsù etí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.

Mo ní, "Bàbá, orúkọ mi ò sí níbẹ̀, kí lẹ ń kọ?"

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n mú."

Orúkọ, nọ́ńbà, máàkì. Ẹni tó kẹ́yìn fi máàkì mẹ́sàn-án kéré sí mi. Ojú tì mí nítorí àwọn èèyàn tó ń tì wá lẹ́yìn, mo ń fa agbádá wọn, wọn ò yí orí padà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, yunifásítì mìíràn mú mi fún ẹ̀kọ́ mìíràn, ayé ń lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, mo bá ìwé náà láàárín ìwọ̀n bùbá ẹnìkan àti ìwọ̀n ṣòkòtò ẹlòmíì. Títí dòní mo mọ orúkọ ẹni ìkẹyìn yẹn lórí. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo fi bá a jà nínú ọkàn mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Bó ṣe wà lónìí, 45 nínú 100 ni ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 ni ti àwọn ọmọ agbègbè yunifásítì náà, 20 sì ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó wọ́n níbẹ̀ ló ń ro ti ọmọ ẹni tó ti gboyè lọ́dọ̀ wọn rí. Ohun tí àwa ń pè ní "mo mọ ẹnìkan," ìlànà ni lọ́dọ̀ wọn. Ní 2023, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní kí wọ́n yé fi àwọ̀ ara mú ọmọ. Ti ọmọ ẹni tó gboyè kò kan ìdájọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá yé aránṣọ: bí a bá gé ara ẹ̀wù, tí a gé apá, tí a gé fìlà, abala tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ kì í ṣe aṣọ burúkú.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí, pé bàbá mi ì bá rẹ́rìn-ín ká ní wọ́n mọ̀. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n. Ẹni tí mi ò mọ̀ rárá, tó wà lẹ́yìn pátákó, "wọ́n" ni mò ń pè é. Bàbá tó bí mi, "wọ́n" náà ni. "Wọ́n" méjì ló dojú kọra lọ́jọ́ yẹn, èmi sì ti fi gbogbo ọ̀wọ̀ mi fún èyí tí kò lójú. Èyí tó lójú dúró sínú oòrùn pẹ̀lú pẹ́ńsù, mò ń fa agbádá rẹ̀ pé kó má dójú tì mí. Mo ti ka ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìbànújẹ́. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Télọ̀ ni bàbá mi, wọn kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fa tépù sí i lára. Àwọn ẹ̀yìn pátákó ti wọn ọmọ wọn. Bàbá mi náà ń wọ̀n wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù ọmọ mi dún. Wọ́n ti mú un, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìmọ̀ ìṣègùn tó béèrè. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n fún un. Láti 2017 ni JAMB ti ní ojú ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní CAPS, níbi tí ọmọ fúnra rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ bóyá òun gbà tàbí òun kọ̀. Mo ní kó tẹ "mo gbà" kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìwé jáde, ó ń kọ iye ọdún, owó ilé ìwé, ibi tí ẹ̀kọ́ náà lè gbé e dé. Mo pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, ọdún kan ni wọ́n fi wò mí. Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì." Mo ṣí ẹnu láti fèsì, mo rí pẹ́ńsù létí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́kọ tún bi mí: "Ṣé wọ́n ti mú un?"

Mo ní, "Wọ́n ti mú un, Mà. Òun ni kò tíì mú wọn."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n di ẹ̀kọ mi, wọn ò fi ènì sí i.