Ìtọ́jú Ọkọ̀ Tí Ó Ti Dàgbà

Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ìwọ yóò rí àwọn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ru iṣu, àgbàdo àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Àwọn mìíràn nínú wọn ti dàgbà ju àwọn tí ń wà wọ́n lọ. Peugeot 504 ni èmi fẹ́ràn jù. Ọdún 1968 ni a kọ́kọ́ gbé 504 akérò jáde ní ilẹ̀ Faransé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1979. Ó ti pẹ́ tí a ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń ru ẹrù tí ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Kí ni ó mú un dúró? Àwọn kan a máa wí pé irin àtijọ́ le ju ti òde òní lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irin àtijọ́ tí kò rí olùtọ́jú ti di ilé adìẹ lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Lọ wò ó.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ní òròòwúrọ̀, kí awakọ̀ mi tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo máa ń wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá ohun kan kán sílẹ̀ ní òru. Lẹ́yìn èyí ni n óò fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti di funfun bí ògì, omi ti bá a pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, ìrìn ọjọ́ náà sì ti parí nìyẹn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni mo ń ṣí radiétọ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i ní gbígbóná, omi híhó yóò bó o lójú. Èéfín pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, tí omi radiétọ̀ sì ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó.

Nígbà tí a bá ń dá orí ẹ́ńjìnnì padà sí àyè rẹ̀, àárín ni a ti í bẹ̀rẹ̀ sí de àwọn bóòtù rẹ̀, kí a tó máa lọ sí etí. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó sì dè wọ́n, pẹ̀lú sípánà tí ń wọn agbára ọwọ́. Mo ti rí ẹni tí ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, tí ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í nini lára. Àlúmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì yìí. Bí a bá fi ipá dè é lọ́nà àìtọ́, yóò wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà yóò sì tún jó.

Ṣùgbọ́n bírékì ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù. Omi bírékì ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tì gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi náà kò ṣeé fún pọ̀, nítorí náà ni agbára ṣe ń dé ibi táyà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò kàn máa rì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Omi bírékì a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí ó bá pẹ́ jù, irin inú yóò dípẹtà, omi náà yóò sì tètè hó nígbà tí bírékì bá gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọdún méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ tèmi.

Ní ọjọ́ kan, a ti di apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí ọkọ̀ tán láti gbé e lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ni a rí i pé omi bírékì ń jò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì. Rọ́bà inú rẹ̀ ni ó ti jẹ. Mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, kò le. Ẹ jẹ́ kí n dí páìpù ẹsẹ̀ yìí pa. Mẹ́ta tí ó kù yóò dá a dúró. Bí ẹ bá dé, a ó wá ṣe é dáadáa.” Ìṣó tí yóò fi dí i ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá tí ó ni tòmátì ní, “Ẹ gbọ́ tirẹ̀, Bàbá. Bí ó bá di ọ̀la, ta ni yóò rà á?”

Òótọ́ ni ìyá náà sọ, nítorí tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọkọ̀ tí bírékì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì ṣiṣẹ́ lè yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí kò ní lọ.”

Mo háyà ọkọ̀ mìíràn fún un. Owó tí mo san ju owó rọ́bà náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kí ọkọ̀ náà tó dé Ìbàdàn, ọ̀sán ti pọ́n, iye tòmátì sì ti wálẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni ìyá náà kò fi gbé ẹrù fún mi mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Kò sí ìjàǹbá kan tí mo lè tọ́ka sí fún un pé mo yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún bírékì ṣe ní àkókò kì í rí ẹ̀rí tí yóò fi han ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Òun gan-an ni ó mú kí iṣẹ́ yìí nira fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Má ṣe rò pé mo ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọgbọ́n-ìwéwèé o. Láìsí i, ọkọ̀ mi ì bá ti kú tipẹ́. Awẹ́ sípíríìngì kan tí ó kán lẹ́yìn rẹ̀, ara ọkọ̀ àlòkù ni a ti rí èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀, agbẹ̀dẹ ni ó sì tún un tẹ̀ kí ó bá àwọn yòókù mu. Gíláàsì fèrèsé ọ̀tún kò ṣeé yí sókè mọ́. Igi ni mo fi há a láti ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fi í rẹ́rìn-ín. Kí wọn máa rẹ́rìn-ín. Bí igi náà bá yọ, èmi ni òjò yóò pa. Bí ìṣó inú páìpù bírékì bá yọ, ọmọ tí ń ti ilé-ìwé bọ̀ ni yóò bá, ọmọ tí kò bá wa ná an ní iye kan.

Àwọn mìíràn a kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun, wọn a kọ “Kò Séwu” sí iwájú rẹ̀, táyà rẹ̀ a sì dán bí orí apárí. Lára táyà tí a ṣe láti ọdún 2000 wá, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2316 ni ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, nítorí náà táyà tòkunbọ̀ tí ó dúdú mìnìjọ̀ lè ti darúgbó. Ka nọ́ńbà yìí lára ọkọ̀ tí ń gbé ọ lọ sí ilé-ìwé.

Ohun kan wà tí àtúnṣe kò ràn mọ́: àwọn irin gbọọrọ tí ó gbé ọkọ̀ ró lábẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá dá, mo máa ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tí ó yè a máa dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ a máa dún bí igi jíjẹrà. Títí di àkókò yìí, tèmi ṣì ń dún gooro. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ní ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, kí wọn tà á fún àwọn tí ń fi ìwọ̀n ra àjákù irin, kí wọn má ṣe tà á fún awakọ̀ kankan.