Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Ń Wá

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àgbàlagbà kan nílé tó máa ń wá ọ̀rọ̀ tì. Wọn á ní, "Ẹ bá mi gbé... ẹ bá mi gbé nǹkan yẹn wá," wọn á sì máa fọwọ́ júwe. Ará ilé á ní wọ́n ti ń ṣarán.

Ohun tí wọ́n sọ nípa ìyá bàbá àwa ọmọ-ọmọ mẹ́ta tí a jọ ń kọ èyí náà nìyẹn, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kì í ṣe arán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ti kú. Vascular dementia ni wọ́n ń pè é.

Dókítà ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún Màmá ní Yorùbá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n rántí. Méjì péré ni. Ó wá pa mẹ́wàá náà pọ̀ mọ́ mẹ́wàá mìíràn, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó wà lára ti àkọ́kọ́. Màmá mú mẹ́jọ! Ọ̀rọ̀ wà nínú; ọ̀nà àtijáde ló bàjẹ́. Nínú Alzheimer, ọ̀rọ̀ kì í sábà dúró rárá. Àmọ́ àwọn kan wà tó ní méjèèjì pọ̀.

Irú ìdánwò yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana lò ó fún àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì wọn ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.35 ni dementia ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Láti ìgbà náà, a kì í bi Màmá pé, "Kí lẹ fẹ́?" A ń bi wọ́n pé, "Ṣé omi ni àbí ẹ̀kọ?" Bí orúkọ ọmọ wọn bá sọnù, a ó ki oríki ọmọ náà, orúkọ á sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tó wúlò jù ni ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Wọ́n fẹ́ ta ilé Màmá, wọ́n ní kò sídìí láti bi wọ́n, wọn kò mọ nǹkan kan mọ́. A bẹ àwọn bàbá wa pé kí wọ́n jẹ́ ká bi wọ́n bí a ti ń ṣe. "Màmá, ṣé ká ta ilé yín, àbí ká fi í sílẹ̀?" Màmá dákẹ́ pẹ́. A kò bá wọn sọ ọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀." A tún yí ìbéèrè náà po, ìdáhùn kan náà ni. Ilé wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn òbí yín. Ẹni tó bá sì ń wá ọ̀rọ̀, ẹ ní sùúrù fún un.